Opó tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀: báwo la ṣe ń ya fíìmù rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ṣómólú ni mò ń gbé. Mo fẹ́ ya dọ́kúmẹ́ntárì nípa àwọn opó tí ẹbí ọkọ lé jáde nílé lẹ́yìn ìsìnkú. Obìnrin mẹ́ta ló ti gbà láti sọ̀rọ̀. Àwọn méjì ò kọ̀ kí ojú wọn hàn, àmọ́ ẹnì kẹta ní bí wọn ò bá ní dá òun mọ̀ nìkan lòun máa sọ̀rọ̀, torí àdúgbò kan náà lòun àti àbúrò ọkọ òun ṣì ń gbé. Kámẹ́rà kan, máìkì kékeré kan àti láptọ́ọ̀pù ni mo ní. Tí mo bá fi bàìbàì bo ojú rẹ̀ nígbà tí mo bá ń gé fíìmù, ṣé ó ti tó? Ìwé wo ni kí wọ́n fọwọ́ sí? Ṣé mo sì lè fi fóònù gba ohùn àbúrò ọkọ yẹn sílẹ̀ láì jẹ́ kó mọ̀?"

Ìdáhùn:

Kò tó. Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin wa, ẹ má fi bàìbàì ṣe ààbò obìnrin yẹn. Ojú rẹ̀ á ṣì wà nínú káàdì kámẹ́rà, á wà nínú láptọ́ọ̀pù, á tún wà nínú ẹ̀dà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá yín tún ohùn ṣe. Bí wọ́n bá já àpò yín gbà ní Ojúẹlẹ́gbà lálẹ́, ojú rẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn. Bàìbàì náà sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé orí rẹ̀ bó ṣe ń yí i. Àwòrán 25 ló ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹyọ kan bá yọ sílẹ̀ níbi tó ti yíjú pẹ́ẹ́, ẹni tó bá dá fíìmù náà dúró lórí fóònù rẹ̀ ti rí i. Ẹ má ya ojú rẹ̀ rárá. Ohun tí kámẹ́rà ò bá rí, kò sẹ́ni tó máa jí i.

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń fi í pa mọ́ fún. Kì í ṣe àlejò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ bó ṣe ń jókòó, tó mọ ikọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò ojú kó tó dá a mọ̀. Nítorí náà, ẹ lọ jókòó tì í láì mú kámẹ́rà dání, kí ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí àwọn ará ilé ọkọ yín bá ń wo fíìmù yìí, tí wọn ò gbọ́ orúkọ yín, kí ló máa jẹ́ kí wọ́n sọ pé 'ìyàwó wa nìyí'?" Ẹ jẹ́ kó máa kà á, kí ẹ máa kọ ọ́. Á dárúkọ ohun tí ẹ ò lè rò láéláé: òrùka tí kò tíì bọ́, àpá iná lórí ọrùn ọwọ́, làálì, eyín tó ṣí, gbólóhùn kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìwé tí ẹ kọ yẹn ni ẹ ó máa wò níwájú, láti ọjọ́ tí ẹ bá ya fíìmù títí di ọjọ́ tí ẹ bá gé e tán.

Aṣọ wà lára ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ aṣọ ẹbí kankan, bó ti wù kó ti pẹ́ tó. Áńkárá aṣọ ẹbí dà bí ìwé ìpè: gbogbo ẹni tó lọ síbi òde náà ló mọ ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ àti ẹbí tó pín in. Ẹ yá a ní bùbá tí kò wọ̀ jáde rí. Ẹ má yà á nílé rẹ̀, nítorí kọ́tìnì àti àwọ̀ ilẹ̀kùn náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ lo ibi tó máa ń lọ tẹ́lẹ̀ tí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí ẹ tó gba yàrá náà, ẹ tẹ́tí síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kọ̀ǹdọ́ bá ń ké "Onípáànù, Fádèyí, Ojúẹlẹ́gbà wọlé!" lábẹ́ fèrèsé, ẹ ti fún àwọn tó ń wá a ní àdírẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ìmọ́lẹ̀. Òjìji ni ọ̀nà tó dára jù fún ẹni tí kò fẹ́ kójú òun hàn, owó kékeré ló sì ń ná ni. Ẹ wá yàrá tó ní fèrèsé kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé àga rẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sí fèrèsé, kó kẹ̀yìn sí i. Ẹ ta aṣọ funfun tín-ín-rín bo fèrèsé, kí òrùlé ilé kejì má baà hàn. Ẹ pa gbogbo iná yàrá. Ẹ wá gbé kámẹ́rà sí iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe ara rẹ̀: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) 100 tàbí 200, àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá, shutter (àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé fún àwòrán kan) 1/50. Iná mànàmáná wa ń lù ní ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá, ìdí nìyẹn tí 1/50 fi bá a mu. Ẹni tó bá fi 30 àti 1/60 yà á lábẹ́ iná gílóòbù olówó pọ́ọ́kú á rí i pé àwòrán ń ṣẹ́jú wìrì wìrì, kò sì sí bó ṣe máa rọrùn láti wò ó sàn. Èyí wúlò fún àwọn obìnrin méjì tó kù náà.

Ibi tí òjìji ti máa ń bà jẹ́ ni ògiri tó kọjú sí obìnrin náà. Ọ̀dà funfun ló pọ̀ jù nínú yàrá Èkó. Ìmọ́lẹ̀ á gba fèrèsé wọlé, á lu ògiri yẹn, á padà wá sójú rẹ̀. Ojú yín ò ní rí i lórí gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, àmọ́ kámẹ́rà ti gbà á sílẹ̀. Ẹ fi yáàdì mẹ́fà aṣọ dúdú tí kì í dán kọ́ sí ara ògiri náà, kí ẹ tẹ́ ìyókù sí ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tó ní àwọ̀ bíi tirẹ̀ jókòó, ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wá fa shadows àti exposure, ohun tó ń mú òkùnkùn mọ́lẹ̀ nínú ètò tí ẹ fi ń gé fíìmù, dé òpin. Bí ẹ bá rí funfun ẹyinjú tàbí ihò imú, iṣẹ́ kù. Àdánwò yìí ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fò, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú u wò á kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má lo log tàbí RAW (ọ̀nà ìgbàwòrán tí wọ́n ṣe fún àtúnṣe lẹ́yìn yíyà) fún un, nítorí wọ́n ń tọ́jú ohun tó wà nínú òkùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà: bí imú àti àgbọ̀n ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ tó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kó kọjú sí yín tààrà, kó fi ìborùn gbòòrò bo orí dé èjìká, kí bó ṣe ń wé gèlè má baà tú u.

Bí òjìji bá sú yín, ẹ ya ohun tó fọwọ́ kàn. Ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, tó dúró lójijì nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, tó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á: irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ju omijé lójú lọ. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bo àpá iná, ẹ jẹ́ kí apá aṣọ gùn dé ọrùn ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́, rìsíìtì sìmẹ́ńtì tó fi owó ara rẹ̀ rà, tí ẹ fi ìwé bo orúkọ orí rẹ̀ kí ẹ tó tan kámẹ́rà, gbogbo ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì lẹ yà dípò tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ojú fíìmù.

Ohùn ń tú ni fó ju ojú lọ. Ẹ̀rọ tó ń ki ohùn nípọn tàbí tó ń sọ ọ́ di tín-ín-rín ò ní pamọ́ tó bí ẹ ṣe rò, nítorí ohun tí ẹ̀rọ kan gbé sókè, òmíì lè gbé e padà sílẹ̀. Ó sì tún ní ewu tirẹ̀ nínú èdè wa. Bí ẹ bá yí ohùn Yorùbá jù, e àti ẹ á dàrú mọ́ra wọn, àmì ohùn á sì ṣákìí: ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ̀ bóyá ilé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ilẹ̀, bóyá ọkọ ló kú tàbí ọkọ̀ ni wọ́n tà. Nínú ọ̀rọ̀ ogún, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ wá obìnrin mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí láti tún un sọ. Ẹ kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ ibi tó ti mí kanlẹ̀ àti ibi tó ti dákẹ́, kí ẹni tó ń tún un sọ má fi kún un, kó má yọ nínú rẹ̀, kó má sì ṣe é bí eré orí ìtàgé. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá ni obìnrin yẹn tó sì jẹ́ pé ẹ̀ka èdè rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, ẹ bi í bóyá kí ẹ pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà á dùn sí i létí bí ẹ bá pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ni Ìjẹ̀bú nínú ilé ọkọ rẹ̀, Yorùbá gbogbogbòò ni kí ẹ lò. Ẹ kọ ọ́ lójú fíìmù pé ohùn ẹlòmíì là ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ńkọ́? Ọjọ́ ìsìnkú, iye ọmọ, iṣẹ́ tí olóògbé ń ṣe, ìlú tí wọ́n sin ín sí: bí mẹ́ta bá péjọ nínú wọn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. "Ìyá Ìbejì" nìkan tó láti tú u. Kí ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá pé kí wọ́n má pè é ní ìyá lágbájá. Orúkọ tó bá yàn fúnra rẹ̀ ni kí gbogbo yín máa pè é láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sì pe àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ síbì kan, bó bá jẹ́ pé ọjà kan náà ni wọ́n ń ná tàbí ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ojú àwọn méjì tó hàn lè júwe ẹnì kẹta.

Ní ti máìkì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kó wà ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí abẹ́ àgbọ̀n, lára aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ rọ̀. Léèsì àti aṣọ tó ní sítáàṣì á máa ha létí. Ohùn tó bá lọ sókè jù kó máa kan −12 dB lórí òdiwọ̀n ohùn kámẹ́rà, kí ẹ sì fi ìgbàsílẹ̀ ohùn sí 48 kHz. Ẹ fi ìgbọ́hùn sétí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ pa fíríìjì, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú rẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé láti tàn án padà fún onílé. Láàárọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó gbéra, ló dára jù. Kí ẹ tó dìde, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀ á ṣófo bí ẹ ò bá ní i.

Lẹ́yìn yíyà, ẹ ṣọ́ ẹrù yín. Bí kámẹ́rà yín bá ń kọ 50 Mb nínú ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan á jẹ́ nǹkan bíi 22.5 GB, nítorí náà káàdì 64 GB ò lè gbà ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 50 lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lórí hard drive tirẹ̀ tí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì pa, kí ẹ tó nu káàdì. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sọ fáìlì, nọ́ńbà ni. Bí ẹ bá fi fóònù ya ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pa location, nítorí fóònù ń kọ ibi tó wà sínú àwòrán láì sọ fún yín. Ẹ má fi WhatsApp gbé ohùn rẹ̀ kiri.

Ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kà á sókè fún wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ohun tí kò bá lè sọ padà, kò tíì fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé ni, òfin tó ń dáàbò bo irú wọn ní kí ẹni tó kọ ìwé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ẹ ya ibi tí fíìmù máa dé sọ́tọ̀ sọ́tọ̀: gbọ̀ngàn, tẹlifíṣàn, YouTube, WhatsApp. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbọ̀ngàn kó sọ rárá sí YouTube, kí ẹ sì gbà fún un. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn pé ohun tó bá ti dórí fóònù àwọn èèyàn, kò sí bí a ṣe lè kó o padà. Òfin Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 fún ẹni tó fọwọ́ sí i lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọkàn padà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó ti gé fíìmù tán pátápátá sí i, kí ó mọ ìgbà tí yíyọ kúrò ṣì rọrùn. Ẹ béèrè ìyọ̀ǹda lẹ́ẹ̀mẹta: kí ẹ tó yà á, ní ọjọ́ kejì tí ẹ yà á, àti nígbà tó bá wo fíìmù tí ẹ gé. Obìnrin tó fa gbogbo ọ̀rọ̀ jáde nínú ẹ̀dùn ọkàn lánàá lè jí láàárọ̀ yìí kí ẹ̀rù máa bà á. Ti ẹnì kẹta, nọ́ńbà àti ìka ọwọ́ ni kó wà lórí ìwé rẹ̀, kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ẹ má gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ sórí kámẹ́rà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ má fi hàn, ẹ má sì fi yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ hàn.

Ẹ má sanwó fún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹ san owó ọkọ̀ àti owó ọjà tí wọn ò lè ná lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù lọ́la, ohun tí agbẹjọ́rò ẹbí ọkọ máa kọ́kọ́ béèrè ni iye tí ẹ fún un.

Ohun kan wà tí fíìmù nípa opó máa ń ṣì mú, ó sì dùn mí púpọ̀ nítorí ẹbí ọkọ ló ń jàǹfààní rẹ̀. Wọ́n á kàn ní "wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú" láì béèrè ẹ̀tọ́ wo. Ẹ bi obìnrin kọ̀ọ̀kan irú ìgbéyàwó tó ṣe. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, àṣà Yorùbá ò fún ìyàwó ní ìpín nínú ogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún, ọkùnrin àti obìnrin, bóyá ní ìdí-igi (kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ) tàbí ní orí-ò-jorí (kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ). Ẹjọ́ Lopez ní Èkó lọ́dún 1924 ti jẹ́ kó hàn pé ọmọbìnrin Yorùbá ní ẹ̀tọ́ nínú ohun ìní ẹbí, ẹjọ́ ìdílé Dáwódù tó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London, sì fi ìdí-igi múlẹ̀ lọ́dún 1962. Nítorí náà, ẹni tó lé opó jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ àṣà tó ń fi bojú gan-an lójú. Bó bá jẹ́ nikah, tí wọ́n ń pín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó bí olóògbé bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lọ sí rẹ́jísírì Ìkòyí, òfin ogún ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wọ̀ ọ́, ó sì ní ìpín. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa sọ nínú ẹjọ́ Ukeje, ti ọkùnrin kan tó kú sí Èkó, pé àṣà tó bá ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ lòdì sí abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin ni ẹjọ́ yẹn dá lé. Ẹ má tọ́ka sí i bí ẹni pé ti opó ni. Ẹ má sì sọ pé VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀ ti 2015, ló de ẹni tó bá lé opó jáde ní Ṣómólú. Abújá ni òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá nínú ilé láti 2007, ìfìyàjẹni nípa owó àti ohun ìní sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá fáìlì ẹjọ́ àtijọ́, ẹ rántí pé ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré jóná ní oṣù kẹwàá 2020, nítorí náà ẹ tètè béèrè ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tó ṣe ẹjọ́ náà.

Ní ti gbígba ohùn àbúrò ọkọ ní ìkọ̀kọ̀: ẹ má ṣe é. Nígbà tí oníròyìn Kiki Mordi àti BBC Africa Eye gbé kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ wọ UNILAG, tí iṣẹ́ náà sì jáde ní 2019, ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa dúró níwájú ọlọ́pàá, wọ́n sì lè gbé abala 24 òfin Cybercrimes, òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ka yín lórí. Ní ti obìnrin kẹta, ewu rẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní kété tí ẹ bá lọ bi ọkùnrin yẹn ní ìbéèrè, ẹ ti sọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wa ní kí a fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láàyè láti fèsì. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ìtàn tirẹ̀ má ní ẹ̀sùn kankan tó tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Kó sọ bó ṣe sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe wá owó iléèwé ọmọ. Ẹ̀sùn tó ní orúkọ, ìtàn àwọn méjì tójú wọn hàn ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ẹbí wọn, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14 láti fèsì, kí ẹ sì fi èsì wọn sínú fíìmù. Kí agbẹjọ́rò wo gbogbo rẹ̀. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, àti Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó ń ran obìnrin lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí fíìmù tó jáde.

Kí ẹ tó fi han gbogbo ayé, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ National Film and Video Censors Board, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò. Ilé tó yẹ irú fíìmù yìí ni iREP, àjọ̀dún fíìmù dọ́kúmẹ́ntárì tó ti wáyé lọ́pọ̀ ìgbà ní Freedom Park lójú Broad Street, níbi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà kan rí. Àmọ́ àwọn obìnrin náà ni kó kọ́kọ́ wò ó, kí ẹnì kẹta dá wo tirẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù yín, pẹ̀lú ìwé tí ẹ jọ kọ níjọ́sí. Ẹ ka nǹkan ibẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: òrùka, ikọ́, gbólóhùn ẹnu. Bó bá ní kí ẹ yọ ìṣẹ́jú àáyá méjì kan, ẹ yọ ọ́ níṣojú rẹ̀ kó tó dìde.